Níbo Ni Yóò Sùn Lálẹ́ Òní? Ojúṣe Ilé Awo sí Ẹni tí Wọ́n Ń Lù Nínú Ilé

Mo júbà Olódùmarè, ọba tó ni ọjọ́ òní. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà olúwo mi tó ti re ibi àgbà ń rè, ẹni tó fi ọdún 13 kọ́ mi ní Ifá ní Ìṣẹ́yìn láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. Mo júbà ẹ̀yin ìyá wa. 

Lọ́dọọdún, nínú àwùjọ yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa ewé, nípa ìtẹ̀fá, nípa ètò ẹbọ àti bí a ṣe ń ka Odù. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìwà ipá nínú ilé, àti ìrànlọ́wọ́ tó wà láwùjọ fún ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí. Mo gbà láti sọ ọ́, nítorí pé mo jẹ gbèsè kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Gbèsè ọ̀hún ni n ó kọ́kọ́ san níwájú yín.

GBÈSÈ TÍ MO JẸ

Ní ọdún 1996, nígbà tí mo ń gbé ní Agége, obìnrin kan wá sí ilé mi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Aṣọ ni ó ń tà lọ́jà. Ó fi ìborùn bo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kan, kò sì ṣí i títí ó fi jókòó sórí ẹní. Ó ní òun fẹ́ kí n bá òun wo ilé ọkọ òun, kí ó lè tòrò. Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sánlẹ̀. Ifá sọ pé ewu wà níbi tí ó ń sùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ifá wí, kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó síwájú ọpọ́n, mo túmọ̀ rẹ̀ pé kí a fi ẹbọ tu ọkọ rẹ̀ lójú. Mo ní kí ó mú ìgbín àti ẹyẹlé wá. Mo ní kí ó máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó tètè máa se oúnjẹ, kí ó ní sùúrù nítorí àwọn ọmọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì padà sílé.

Kò pé oṣù méjì tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń tajà fi wá pè mí. Obìnrin náà wà ní ilé ìwòsàn. Apá rẹ̀ ti kán, oyún oṣù márùn-ún tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó bá mi sọ: “Mo rú u, bàbá. Gbogbo rẹ̀ ni mo rú.”

Ó yè. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sí ìlú wọn, n kò sì rí i mọ́. Nígbà tí mo lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́dún náà, mo ro ẹjọ́ ara mi fún olúwo mi. Mo rò pé yóò bi mí léèrè Odù tó jáde, tàbí bí mo ṣe ṣètò ẹbọ náà. Kò bi mí ní ọ̀kankan nínú wọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí pé: “Níbo ni o ní kí ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?”

Ẹ̀yin awo, n kò ní èsì. Ifá kò ṣì. Èmi ni mo ṣì í. Ifá ní ewu wà níbi tí ó ń sùn, èmi sì dá a padà síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbín lọ́wọ́. Ìbéèrè olúwo mi ni mo gbé wá fún yín lónìí. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

KÍ NI ÌWÀ IPÁ NÍNÚ ILÉ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde kí a tó lè pè é ní ìwà ipá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 láti dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ka lílù mọ́ ọn, ó sì ka ìfipábánilòpọ̀, èébú àti ìtẹ́nilógo, ìhalẹ̀mọ́ni, títẹ̀lé ènìyàn kiri láti dẹ́rù bà á, àti bíba dúkìá ẹni jẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú. Ó tún ka fífi owó jẹni níyà mọ́ ọn. Ọkọ tí ó ń gba gbogbo èrè ọjà lọ́wọ́ aya rẹ̀ lálaalẹ́, tí aya náà wá ní láti tọrọ owó ọṣẹ kí ó tó fọṣọ, ìwà ipá ni ó ń hù, bí kò tilẹ̀ gbọ́wọ́ sókè rí.

Òfin náà kò sọ pé obìnrin nìkan ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí. Ọkùnrin wà tí aya rẹ̀ ń lù, arúgbó wà tí ọmọ rẹ̀ ń fi ìyà jẹ, ọmọ ọ̀dọ̀ náà sì wà. Síbẹ̀, àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn wa. Nínú ìwádìí ìlera àti ètò ènìyàn tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, àwọn 31 ni wọ́n ti hu ìwà ipá sí lára láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Nínú àwọn tí ìwà ipá ti kàn, ó ju ìdajì lọ tí kò wá ìrànlọ́wọ́, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá là ẹnu sọ ọ́ níwájú ọpọ́n Ifá, ẹ mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ kò lè ṣe ni ó ṣe. Ó lè má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì bí a bá ṣi ti àkọ́kọ́ gbà.

ÌTÀN ÌWÀ

Ọ̀nà púpọ̀ ni àwọn àgbà ń gbà sọ ìtàn Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni n ó ṣe sọ ọ́. Ìwà jẹ́ ọmọ Sùúrù. Kí ó tó fẹ́ Ọ̀rúnmìlà, ó ti sọ fún un pé òun kì í gbé níbi tí wọ́n bá ti ń fi ìyà jẹ òun. Ọ̀rúnmìlà gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àlèébù nínú gbogbo ohun tí Ìwà bá ṣe. Ìwà di ẹrù rẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ohun gbogbo ti dàrú mọ́ Ọ̀rúnmìlà lọ́wọ́. Ọlá rẹ̀ dínkù, ènìyàn kò bá a da nǹkan pọ̀ mọ́. Nígbà tí kò rí ọ̀nà gbé e gbà, ó gbé ẹ̀kú eégún wọ̀, ó ń lọ láti ilé ọlọ́lá kan dé òmíràn, ó ń wá aya rẹ̀.

Gbogbo wa ni a ń sọ ìtàn yìí láti fi kọ́ ọmọ ènìyàn pé ìwà ni ẹwà. Ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn ohun mẹ́ta mìíràn nínú rẹ̀. Èkínní, Ifá kò pe Ìwà ní aya burúkú nítorí pé ó fi ilé ọkọ sílẹ̀. Èkejì, ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ kò tì mọ́ ọn. Sùúrù kò sọ fún un pé kí ó padà lọ fara dà á. Ẹ sì rántí pé Sùúrù ni orúkọ bàbá náà! Àwa ni a sọ sùúrù di okùn tí a fi ń so obìnrin mọ́ ibi tí ikú wà. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ṣẹ̀ ni ó jáde lọ wá a. Ọ̀rúnmìlà kò rán àwọn awo lọ láti fi ipá fà á padà. Bí ọkọ kan bá wá bá yín pé kí ẹ fi oògùn dá aya òun tó sá lọ padà, ẹ bi í bóyá ó ti wọ ẹ̀kú tirẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA NÍ

Àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ni ó kó ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin dé ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò dé ibi ìdána rí, tàbí kò fetí sílẹ̀. Níbi ìdána, ẹbí ìyàwó máa ń sọ fún ọkọ níwájú gbogbo ènìyàn pé bí ọmọ àwọn bá sú u, kí ó má lù ú. Ibi tí ó ti gbà á ni kí ó dá a padà sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni a sọ ọ́ dà lóde òní, ṣùgbọ́n májẹ̀mú ni. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ọmọ náà ṣì ní ilé. Ìdí nìyí tí èdè wa fi ní ọ̀rọ̀ fún obìnrin tó padà wá gbé nílé bàbá rẹ̀, tí a ń pè ní dálémoṣú. Lónìí, èébú ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa: ilé kan ní láti wà kí ènìyàn tó lè padà sí i.

Ní agboolé tí mo dàgbà sí, bí ọkùnrin kan bá ń lu aya rẹ̀, tí aya náà sì sá wọ yàrá ìyáálé ilé, ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e wọbẹ̀. Àwọn obìnrin ilé yóò jáde sí i lójú ẹsẹ̀. Baálé yóò pè é, yóò sì sọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ìtìjú náà kì í ṣe kékeré.

N kò fẹ́ fi oyin pa ayé àtijọ́ fún yín jẹ. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún obìnrin pé kí ó padà nítorí ọmọ, nítorí pé ilé bàbá ni àṣà ka ọmọ sí. Ọ̀pọ̀ ni kò lè fi ọmọ sílẹ̀, wọ́n sì kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dára nínú ètò náà pàápàá ti ń lọ. Ní ìlú ńlá, yàrá kan ṣoṣo ni tọkọtaya ń gbé. Ìyáálé kò sí nítòsí, baálé wà ní abúlé, aládùúgbò sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ilé awo wá di ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn díẹ̀ tí obìnrin lè kàn láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ fura, nítorí pé ẹni tó bá ní òun ń lọ wo Ifá kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá.

ÒFIN ÀTI ILÉ ÌRÀNLỌ́WỌ́

Lọ́dún 1996 tí mo ṣe àṣìṣe mi, ibi tí a lè darí ènìyàn sí kò tó nǹkan. Lónìí, àwíjàre náà kò sí mọ́. Ní ọdún 1999 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Project Alert sílẹ̀ ní Èkó láti gbógun ti ìwà ipá sí obìnrin. Ní ọdún 2001, wọ́n ṣí ilé ààbò kan tí wọ́n ń pè ní Sophia’s Place, níbi tí obìnrin tó sá àsálà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lè sùn. Ní ọdún 2013, Mirabel Centre bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀, tí wọ́n sì ń gbà á nímọ̀ràn, láì gba owó. Ẹgbẹ́ WARIF náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yábàá láti nǹkan bí ọdún 2016.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ikọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 2014 fún ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀. Ní ọdún 2021, òfin sọ ikọ̀ náà di àjọ, òun ni a mọ̀ sí DSVA. Iṣẹ́ wọn ni láti so ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn mọ́ dókítà, ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò àti ilé ààbò, kí ó má bàa máa rìn kiri fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Bí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú ní Èkó, ẹ pe 112 tàbí 767. Kò ná ni lówó.

Ní ti òfin, yàtọ̀ sí ti Èkó ọdún 2007, ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin tirẹ̀ lórí irú ìwà ipá yìí ní ọdún 2011. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní ọdún 2015, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mìíràn sì ti gba irú rẹ̀ wọlé lẹ́yìn náà. Nínú òfin ọdún 2015, ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ipá lé aya tàbí ọkọ ẹni jáde nílé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi àṣà opó pa obìnrin lára, èyí sì kan àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú àṣà.

Ohun kan wà nínú àwọn òfin wọ̀nyí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú, òun ni ìwé àṣẹ ààbò. Ẹni tí wọ́n ń lù lè lọ sí kóòtù, kí kóòtù fún un ní ìwé tó kà á léèwọ̀ fún ẹni tó ń lù ú láti tún fọwọ́ kàn án, tàbí láti wá sí ibi tí ó ń gbé tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní Èkó, bí ẹ̀rù kò bá jẹ́ kí ó lè lọ, ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lógún, bí olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́pàá, lè bá a tọrọ rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti fi ìwé gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò lè lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, tàbí Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó fẹ́ra ní ìlànà ìbílẹ̀, tó sì fẹ́ kí ìgbéyàwó náà túká, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni yóò lọ, irú èyí tó wà ní Mápó ní Ìbàdàn. Bí ìlú yín kò bá ní èyíkéyìí nínú àwọn ilé tí mo dárúkọ, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbé ayé ìdẹ̀rùn ní ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

BÍ ILÉ AWO YÓÒ ṢE ṢE É

Èkínní, ẹ gbà á wọlé, kí ẹ sì gbọ́ ọ ní òun nìkan. Ẹ má bi í léèrè ohun tí ó ṣe tí wọ́n fi lù ú. Bí ọkọ rẹ̀ bá wá bèèrè rẹ̀, ẹ kò rí i. Àṣírí tí a sọ níwájú ọpọ́n kì í ti ẹnu awo jáde. Kí ẹ má ṣe rò pé ọkùnrin bíi tiyín ni ọkọ rẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́.

Èkejì, ẹ wo bí ewu náà ti tó. Ẹ bi í bóyá ó ti fún un lọ́rùn rí, bóyá ó ti fa ọ̀bẹ tàbí ìbọn yọ sí i, bóyá ó ti sọ pé òun yóò pa á, bóyá ó lóyún, bóyá lílù náà ń le sí i. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn, pàápàá ọ̀rọ̀ ọrùn fífún, ikú wà nítòsí. Ẹ kò gbọdọ̀ ní kí ó padà lọ kó aṣọ ní òun nìkan. Ẹ sì mọ̀ pé àkókò tí obìnrin bá ń fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kò fi tètè lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n.

Ẹ̀kẹta, ilé ìwòsàn ṣáájú ẹbọ. Bí wọ́n bá fi ipá bá a lò pọ̀, kí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wákàtí 72 tó kọjá, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn, oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́. Bí ó bá lè ṣe é ṣe, kí ó má tíì wẹ̀, kí ó má fọ aṣọ tí ó wọ̀. Kí ó kó aṣọ náà sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá. Kí ó gba ìwé àyẹ̀wò, nítorí pé ìwé náà ni yóò jẹ́rìí sí i ní kóòtù. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò fẹ́ fi ewé tọ́jú eegun tó kán. Ẹ rántí àwọn òfin mẹ́rìndínlógún tí Ìká Òfún fi lélẹ̀ fún àwọn àgbà. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí a má ṣe sọ ohun tí a kò mọ̀ bí ẹni pé a mọ̀ ọ́n. Awo tó bá mọ ibi tí ìmọ̀ tirẹ̀ pin sí ni ó pa òfin náà mọ́.

Ẹ̀kẹrin, òun ni ẹni tí yóò yan ohun tí ó fẹ́. Ẹ má fi ipá lé e kúrò nílé ọkọ, bí ẹ kò ṣe ní fi ipá lé e padà. Bí ó bá ní òun ń padà lónìí, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn yín ṣí. Ẹ bá a ro bí yóò ṣe máa tọ́jú owó ọkọ̀ díẹ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, bí yóò ṣe fi ẹ̀dà ìwé ìbí àwọn ọmọ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ó fọkàn tán, àti ọ̀rọ̀ kan tí ó lè sọ fún aládùúgbò lórí fóònù kí ẹni náà mọ̀ pé kí òun wá.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má pe ọkọ àti aya jókòó pọ̀ fún ìlàjà nígbà tí ẹ̀rù ṣì ń ba ọ̀kan. Ìlàjà wà fún ẹni méjì tí wọ́n ń jà. Bí ẹnì kan bá ń lu ẹnì kejì, ìyẹn kì í ṣe ìjà. Ohun tí aya bá sọ níwájú wa lọ́sàn-án ni ọkọ lè fi lù ú lóru.

Ẹ̀kẹfà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sìn ín lọ. Ìyánífá tàbí apètèbí ni ó yẹ kí ó bá a dé àjọ tàbí ilé ìwòsàn, kí ó sì jókòó tì í. Ẹni tí a kọ orúkọ ọ́fíìsì lé lọ́wọ́ nìkan lè rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ̀rù bà á, kí ó padà.

Lẹ́yìn náà ni kí a wá ṣe iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ wa kò kéré. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún lójoojúmọ́ pé kò já mọ́ nǹkan nílò kí á bọ orí rẹ̀ fún un. Ó nílò kí Ifá sọ ọ́ létí rẹ̀ pé ìpín tí ó yàn kì í ṣe ìpín ìyà. Mo ti rí obìnrin tí ó gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù púpọ̀ nígbà tí a bọ orí rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ má gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Owó tí ó fẹ́ fi rúbọ lè jẹ́ owó tí ó fẹ́ fi sá. Ẹ sì má ta oògùn ẹ̀rọ̀ fún un láti fi sínú ọbẹ̀ ọkọ. Bí ọkọ bá rí i, ó lè di ikú. Bí kò bá rí i, yóò mú kí obìnrin náà tún dúró díẹ̀ sí i láti wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́.

OHUN TÍ MO Ń BẸ ẸGBẸ́

Ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ yìí fún. Àkọ́kọ́, kí ilé Ifá kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àti nọ́ńbà àjọ ìjọba, ilé ìwòsàn àti agbẹjọ́rò tó wà nítòsí wọn sára ògiri, kí á máa tún un wò lọ́dọọdún. Èkejì, kí á ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ọdún, èyí tí a ó fi máa wá owó ọkọ̀, owó oògùn, àti owó ọjà kékeré fún ẹni tó sá àsálà. A mọ èésú, a mọ àjọ dídá. Bí a bá lè fi wọ́n ra aṣọ ẹgbẹ́, a lè fi wọ́n ra ẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò ní padà sí ilé ìyà bí ó bá rí owó ilé oṣù mẹ́ta àti ọjà tí yóò gbé sórí àtẹ.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ yìí má jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Gbogbo awo ló mọ bí iṣẹ́ àwọn irúnmọlẹ̀ ṣe dàrú nígbà tí wọ́n fi Ọ̀ṣun sẹ́yìn, àti bí ó ṣe jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Olódùmarè dá wọn padà sí. Àwọn ìyánífá ni kí ó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù láti sọ. Àwọn awo wà láàárín wa tí wọ́n ń na apètèbí wọn. A mọ̀ wọ́n, a sì ń bá wọn jẹun. Mo dábàá pé awo tí ó bá hàn pé ó ń lu aya rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sídìí ọpọ́n ẹgbẹ́ yìí, títí ó fi ronú pìwà dà níwájú àwọn àgbà, tí aya rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí, níbi tí ọkọ kò sí, pé ọwọ́ rẹ̀ ti wálẹ̀. Bí a kò bá lè ṣe èyí, kí á má tún sọ ìtàn Ìwà fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, lálẹ́ òní, ìlù yóò dún, a ó jó, a ó jẹ, a ó mu. Nígbà tí ìlù bá dákẹ́, olúkúlùkù yóò wá ibi tí yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sí. Obìnrin kan lè wà nínú ìlú yìí tí kò ní lè sùn nínú ilé tirẹ̀. Bí ó bá wá kan ilẹ̀kùn yín lọ́la, kí ẹ tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, kí ẹ tó dárúkọ ẹbọ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè tí olúwo mi bi mí.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a ṣi Ifá túmọ̀ fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Kí ilé wa jẹ́ ilé tí ènìyàn lè sá wọ̀. Kí ó yẹ ẹ̀yin tí ẹ gbọ́, kí ó yẹ èmi tí mo sọ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.